Láti Àrò dé Araròmí-Obu: Ìwádìí, Ìwòsàn àti Ọ̀rọ̀ Yorùbá Nípa Àìsàn Ọpọlọ

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a yàn mí láti lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò, àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Òrè. Araròmí-Obu, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo parí àbẹ̀wò ọjọ́ náà sí. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kan ti kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ alápèjúwe tán, ó sìn mí dé abẹ́ igi tí mo gbé ọkọ̀ sí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín, ṣùgbọ́n kò sí nínú ètò ìkọ́ni mi."

Ohun náà ni pé ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, ọmọ náà a máa nawọ́ sókè kí ìbéèrè tó parí. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan, ńṣe ni ó máa ń gbé orí lé tábìlì, omijé a sì máa bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ẹni tí ó nà án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní wèrè. Olùkọ́ àgbà kan sì ti gba akẹ́kọ̀ọ́ wa nímọ̀ràn pé kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ará ilé ọmọ. Ìbéèrè tí ó bi mí nìyí: "Sà, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ àǹtí tí ó ń tọ́jú rẹ̀, kí ni kí n pe ohun tí ó ń ṣe é, tí wọn kò fi ní rò pé mo wá pe ọmọ wọn ní wèrè?"

Ìbéèrè orúkọ ni a bi olùkọ́ èdè, n kò sì rí orúkọ kankan sọ. Ó yẹ kí ojú tì mí, ó sì tì mí.

Inú ìtìjú ọjọ́ náà ni àpilẹ̀kọ yìí ti wá. A ó yẹ iṣẹ́ àwọn kan wò, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n sì tún ń ṣe ìwádìí nípa àìsàn náà láàrin Yorùbá. Dókítà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Onímọ̀ àṣà àti ìṣe ẹ̀dá wà nínú wọn. A ó sì rí ọ̀kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì nínú ìmọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn àwùjọ ń kọ́, àwọn tí àwa ń pè ní ará wẹ́lífíà. Èrò wa ni pé níbikíbi tí irú iṣẹ́ yìí bá ti so èso, ohun méjì ni ó fà á: àwọn tí wọ́n ṣe é béèrè ọ̀rọ̀ ní èdè aláìsàn, wọn kò sì já aláìsàn gbà kúrò lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá.

Lámbò àti àwọn abúlé Àrò

A kò lè sọ ìtàn yìí kí a má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Thomas Adéoyè Lámbò. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ nípa ìtọ́jú ọpọlọ ní London. Nígbà tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ọpọlọ wọn dàrú lẹ́nu ẹ̀kọ́ kan án. Ní 1955, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ipa tí àṣà ń kó nínú irú àìsàn ọpọlọ tí ó máa ń mú kí Yorùbá kan máa fura pé gbogbo ayé ń dọdẹ òun. Ẹni tí ó kàwé àti ẹni tí kò kàwé ni ó gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ náà.

Kí Lámbò tó dé, ibi ìpamọ́ ni ibi tí ìjọba ní fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ti Yábàá ti wà láti 1907. Ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ gan-an ni, kí a tó sọ ọ́ di ilé àwọn wèrè ní 1944. Ẹni tí ó bá ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ó ti tán.

Ní 1954 tí Lámbò padà wálé láti wá ṣe olórí ilé-ìwòsàn tuntun ní Àrò, wọn kò tíì kọ́ ilé náà parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kí ó máa retí birikilà. Lámbò tọ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn náà ká lọ, ó ní kí wọ́n máa háyà yàrá fún àwọn aláìsàn. Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Kò sí aláìsàn tí a ó gbà wọlé àyàfi tí ìbátan rẹ̀ kan, ó kéré tán, bá tẹ̀lé e wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyàwó. Ìbátan yìí ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ní òwúrọ̀ fún oògùn, abẹ́rẹ́ tàbí ìtọ́jú oníná. Lọ́sàn-án, wọn a padà sí abúlé. Aláìsàn a bá wọn ṣiṣẹ́ oko tí agbára rẹ̀ bá gbé e. A jókòó sí ibi eré òṣùpá. Ọmọdé abúlé a kí i. Ilé-ìwòsàn yá àwọn onílé lówó láti kọ́ yàrá kún yàrá, ó sì ṣètò omi àti ṣáláńgá fún wọn, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ará abúlé pẹ̀lú jẹ nínú oore náà. Lámbò tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Kì í ṣe pé ó fi iṣẹ́ dókítà lé wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n gbọ́ èdè tí aláìsàn fi ń sọ ẹ̀dùn rẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí ẹbí gbà gbọ́ pé ó fa àìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìbátan tí ó tẹ̀lé aláìsàn yìí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé tí wọ́n bá ń yin Àrò. Òun ni ó mọ bí aláìsàn ti rí kí àìsàn tó dé. Òun ni ó lè sọ pé, "Ẹni tí ẹ rí yìí, kì í dákẹ́ báyìí tẹ́lẹ̀." Òun náà ni yóò bá a padà sílé, tí yóò sì lè jẹ́rìí fún àwọn ará ilé pé ara ẹni yìí ti yá. Iṣẹ́ tí a ń dá àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà lẹ́kọ̀ọ́ fún lónìí, láti so ilé pọ̀ mọ́ ilé-ìwòsàn, ìbátan ni ó ń ṣe é ní Àrò láìgba owó oṣù.

Ní 1961, Lámbò pe àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò wọn àkọ́kọ́. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1963, ó di gíwá yunifásítì náà ní 1968, ó sì lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva ní 1971. Igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ náà ni ó jẹ́ láti 1973 títí di 1988. Ó kú ní 2004.

Ohun tí àwọn àgbàlagbà abúlé sọ fún àwọn onímọ̀

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ Yorùbá mọ̀ nínú ìtàn Àrò ni èyí tí Lámbò àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà jọ ṣe. Alexander Leighton ni aṣáájú àwọn ará Cornell. Wọ́n wọ abúlé àti ìlú ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn, ìwé wọn sì jáde ní 1963.

Nínú ohun tí wọ́n bá padà, ọ̀kan jẹ́ ti èdè pátápátá. Wọ́n wá orúkọ kan ṣoṣo tí Yorùbá ń pe àìsàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní depression, wọn kò rí i. Ẹni tí ó bá kánjú yóò sọ pé, a jẹ́ pé àìsàn náà kò sí láàrin wọn. Àwọn kan sì ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo ènìyàn dúdú ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí yìí tú àìsàn náà palẹ̀, tí wọ́n ń dárúkọ àmì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí àwọn ará abúlé: kí okun tán lára ènìyàn, kí ó máa sunkún ṣáá, kí ìrònú gbà á lọ́kàn, kí oúnjẹ má wù ú jẹ, kí ayé sú u. Gbogbo ẹ̀yà ara wà níbẹ̀. Orúkọ tí a ó fi dì wọ́n pọ̀ ni kò sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìmọ̀ èdá-èdè, ta ni ó yẹ kí ó ti pèsè orúkọ náà láti 1963?

Ní 1976, Jane Murphy, onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ olùwádìí yẹn, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Science. Nígbà náà, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ òyìnbó ń jiyàn pé kò sí ohun tí ń jẹ́ wèrè. Pé àwùjọ ni ó ń lẹ orúkọ mọ́ ẹni tí ìwà rẹ̀ kò bá ti ẹgbẹ́ mu, tí orúkọ náà yóò sì wá mọ́ ọn lára. Murphy fi Yorùbá àti àwọn ará ilẹ̀ yìnyín ní Alaska wéra. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ fún wèrè, ohun tí wọ́n sì ń tọ́ka sí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn Yorùbá ní wèrè ni ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ohun ẹ̀rín, tí ó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn, tí ó ń ṣa igi àti ewé jọ láìní ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe. Ohun pàtàkì tí Murphy tún sọ ni pé àwọn Yorùbá kò da àwọn àìsàn ọkàn tí kò le tó bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ wèrè. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀, aláìsàn ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe wèrè.

Èmi rò pé ìyàtọ̀ tí àwọn àgbàlagbà yẹn mọ̀ dájú ti ń parẹ́ lẹ́nu wa. Wọ́n mọ wèrè, wọ́n mọ wèrè aláṣọ, ẹni tí kò tíì já sí ìgboro. Wọ́n mọ abísínwín, obìnrin tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n mọ̀ pé dìndìnrìn kì í ṣe wèrè, wárápá kì í sì í ṣe dìndìnrìn. Lónìí, ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa gan-an, wèrè ni a fi ń pe ẹni tí ó wakọ̀ kọjá lójú pópó, àti ẹni tí ó wọ aṣọ tí kò bá a mu, àti ọmọ tí ń sunkún ní kíláàsì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ti gba gbogbo iṣẹ́ ṣe, ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kò ní lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè, nítorí òun mọ̀ pé òun kì í ṣe wèrè.

Asòfẹ́yẹjẹ, ọdẹ orí àti akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ ń gbóná

Raymond Prince, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ṣiṣẹ́ ní Àrò ní ìparí àwọn ọdún 1950. Òun náà ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń ṣe ìwádìí. Ó lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn wèrè, ó rí i pé asòfẹ́yẹjẹ wà nínú àgbo tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn wọn. Igi yìí àti igi kan tí ó wà ní ilẹ̀ Íńdíà jẹ́ ọmọ ìyá. Inú ti Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Switzerland ti yọ oògùn reserpine ní 1952. Prince tẹ èyí jáde ní 1960. Òun àti Frank Speed tún ya fíìmù kan lórí iṣẹ́ àwọn oníṣègùn náà ní 1963, tí ó ní ọ̀rọ̀ Yorùbá "Wèrè ni" nínú àkọlé rẹ̀. Kí a má sì tan ara wa jẹ: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba wà pẹ̀lú àgbo náà.

Prince yìí kan náà ni ó kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná tàbí tí nǹkan ń rìn lórí, tí wọ́n ń kàwé tí ohun tí wọ́n kà kò wọlé, tí ojú wọn sì ń ṣe bàìbàì. Ó pè é ní brain fag. Àwọn onímọ̀ ọpọlọ ilẹ̀ wa ti jiyàn púpọ̀ láti ìgbà náà lórí bóyá àìsàn kan tí ó dá dúró ni àbí ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀-ọkàn ni ó gba orí yọ. Mo fara mọ́ èyí kejì, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà kò yí iṣẹ́ olùkọ́ padà: ọmọ tí ó bá ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ya ọ̀lẹ.

Èyí ni ó gbé wa dé ọdẹ orí. Ní 1987, Roger Makanjuọlá, oníṣègùn ọpọlọ tí ó di gíwá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn aláìsàn tí wọ́n ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí àti lára àwọn, pé ariwo ń hó létí, pé àyà ń lù kìkì. Orúkọ Yorùbá tí àwọn aláìsàn fúnra wọn ń pè é ni ó gbé sí àkọlé iṣẹ́ rẹ̀. Nínú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, dókítà tí ó bá ń retí pé kí aláìsàn sọ pé inú òun kò dùn lè wò títí kí ó má rí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọdẹ orí túmọ̀ sí ni yóò tẹ̀síwájú láti béèrè nípa oorun, oúnjẹ àti ìrònú. Yorùbá a máa fi ẹ̀yà ara sọ ti ọkàn: orí mi ń kún, àyà mi ń já, inú mi bàjẹ́, ọkàn mi kò lélẹ̀, ara mi kò gbà á. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní àkànlò-èdè mọ gbogbo rẹ̀. A kò kàn mọ̀ pé ilé-ìwòsàn nílò rẹ̀ ni.

Ìbéèrè tí a túmọ̀ àti iye tí a rí

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ mọ bóyá àìsàn schizophrenia, èyí tí ó sún mọ́ ohun tí a ń pè ní wèrè jù, rí bákan náà káàkiri ayé, ibùdó 9 ni ó yàn ní àwọn ọdún 1960. Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú London, Moscow àti Washington. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ó di dandan kí a túmọ̀ àwọn ìbéèrè náà sí Yorùbá. Nígbà tí wọ́n tún wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún méjì, ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí ara wọn yá jù, ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ onímọ̀ lẹ́nu. Àwọn kan fi í hàn bí iṣẹ́ ẹbí. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn ni ó gbé irú iṣẹ́ yìí dé ojúlé àwọn ènìyàn lásán. Iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006 kan ènìyàn 4,984 ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní Nàìjíríà. Wọ́n túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, ẹlòmíràn sì tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè mọ ibi tí ó ti ṣákìí. Kò rọrùn bí a ti rò. Ẹ gbìyànjú ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní kí ènìyàn sọ bóyá inú òun ṣófo. Bí a bá gbé e bẹ́ẹ̀ ka ìyá àgbà kan mọ́lẹ̀, yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun kò tíì jẹun láti àárọ̀.

Nínú àwọn ènìyàn náà, bí 12 nínú 100 ni ó ti ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn rí láyé wọn. Iye yìí kéré sí ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, àwọn olùwádìí fúnra wọn sì kìlọ̀ pé ó lè jẹ́ pé àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ìdí tí wọn yóò fi fi í pamọ́ hàn nínú iṣẹ́ mìíràn tí Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005, tí ó kan ènìyàn 2,040 ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá. 96.5 nínú 100 gbà pé oníjàgídíjàgan ni aláìsàn ọpọlọ. 82.7 nínú 100 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ wọn nípa wèrè, ta ni wọn ń rò lọ́kàn bí kò ṣe ẹni tí ó wà ní ìgboro láìwọṣọ? Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé ènìyàn dé nìyẹn.

London, àti ìbẹ̀rù tí ń yí po

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a padà síbẹ̀ díẹ̀, nítorí ọmọ Yorùbá tí ó wà ní London lónìí kò lóǹkà. Ní 2002, Frank Keating, olùkọ́ yunifásítì nínú ìmọ̀ ìgbáyé-gbádùn àwùjọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan lórí ìbáṣepọ̀ àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn ilé-ìtọ́jú ọpọlọ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni ìbẹ̀rù tí ń yí po bí òbìrípo. Ènìyàn dúdú ń bẹ̀rù ilé-ìtọ́jú, nítorí náà kì í tètè lọ. Nígbà tí yóò fi dé ibẹ̀, àìsàn ti le, ọlọ́pàá sì ni ó sábà máa ń mú un lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ń bẹ̀rù rẹ̀, wọn a fi agbára mú un, wọn a fún un ní oògùn líle. Ìròyìn rẹ̀ a dé ilé, ìbẹ̀rù a sì tún pọ̀ sí i. Títí di òní, iye ènìyàn dúdú tí a ń fi òfin dá dúró nílé-ìtọ́jú ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, tí a bá fi wé bí wọ́n ti pọ̀ tó.

Mo ka iṣẹ́ Keating, Araròmí-Obu ni mo ń rí. Ọmọ náà ń bẹ̀rù kí wọ́n pe òun ní wèrè. Olùkọ́ ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ń bẹ̀rù láti jókòó tì í.

Níbi tí ẹbí jìnnà sí

Ètò Àrò dúró lé ìbátan lórí. Ṣùgbọ́n ìlú àgbẹ̀ ni Araròmí-Obu, láàrin oko kòkó, oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà. Ọ̀pọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ó ti ibòmíràn wá dá oko tàbí wá gba iṣẹ́. Ìyá ọmọ lè wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kí bàbá wà nínú oko jíjìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọmọ wà lọ́dọ̀ àǹtí. Ta ni yóò tẹ̀lé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ wà? Ta ni yóò fi oko sílẹ̀?

Àwọn kan ti ń dán ọ̀nà mìíràn wò. Ní Zimbabwe, láti 2006, Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà àdúgbò bí a ṣe ń gbọ́ ẹ̀dùn ẹni, ó gbé àga gbọọrọ sí ọgbà ilé-ìwòsàn fún wọn. Wọn kì í dárúkọ àìsàn tí òyìnbó mọ̀. Ọ̀rọ̀ Shona ni wọ́n ń lò, kufungisisa, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí kí ènìyàn máa ronú jù. Ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. Nílé wa níhìn-ín, iṣẹ́ tí Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2020 kan aláìsàn 307 tí wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì ní agbègbè Ìbàdàn àti Kumasi. Níbi tí nọ́ọ̀sì ìlera alábọ́ọ́dé ti ń lọ bá oníṣègùn ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ti àwọn tí a fi sílẹ̀ sí ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìdè àti ìyà náà sì dínkù. Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ìdè yìí, nítorí ní 2019 ni àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde pé àwọn ṣì rí ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ti ìjọba àti ti aládàáni.

Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ gba òǹtẹ̀ Ààrẹ ní oṣù kìíní 2023. Òfin tí ó rọ́pò rẹ̀ ti 1958 ni, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ti wà láti ìgbà òyìnbó, ní 1916. Ẹ̀dà òfin náà tí mo kà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá méjì tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ wa ṣe ní 1984 àti 1990 wúlò fún wa lórí fonẹ́tíìkì, gírámà àti lítíréṣọ̀. Lórí àìsàn HIV àti Ebola, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn tẹ tiwọn jáde ní 2017. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí àìsàn ọpọlọ kì í ṣe iṣẹ́ dókítà nìkan. Mo dábàá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún àìsàn tí àwọn ará Cornell wá orúkọ rẹ̀ tì, àti àìbalẹ̀-ọkàn fún ìkejì rẹ̀. N kò fara mọ́ "àrùn ọpọlọ" fún méjèèjì, nítorí etí gbogbo ayé, ó ti di wèrè. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ wa, n kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo bi nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀, tí ó ti ṣiṣẹ́ nílé-ìwòsàn ọpọlọ rí, pé kí ni kí a pè é. Kò dá mi lóhùn ní tààrà. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ pè é?" Kò sí ẹni tí ó bi í. Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ wa lórí fóònù, mo ní kí ó jókòó ti ọmọ náà ní àkókò ìsinmi, kí ó kàn bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní, "Àǹtí, orí mi ń kún. Oorun ò wá. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé kí n máa lọ."

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé lọ bá àǹtí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò fi nǹkan kan kún un ju pé, "Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó sì ti di àìsàn sí i lára, mà." Ó sọ fún mi pé obìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó fi ìdí ìró nu ojú, ó ní, "Àìsàn ni? Mo ti rò pé wọ́n fẹ́ ní kí n wá mú un kúrò nílé-ìwé ni." Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń rí dókítà ní Òrè.